Bí a ṣe ń fi iṣẹ́ ọnà méjì tí wọ́n fi àlòkù ṣe wé ara wọn

Ní gbogbo sáà ẹ̀kọ́, mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi láti Ṣómólú gba orí afárá Third Mainland lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọnà. Tí a bá ti dé iwájú iṣẹ́ tí wọ́n fi irin àlòkù tàbí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe, gbólóhùn kan náà ló máa ń bọ́ lẹ́nu wọn: "Háà, Àǹtí, pàǹtí ni wọ́n fi ṣe é o!" Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á ya fọ́tò, wọn á kọjá. Tí mo bá wá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ méjì wé ara wọn lórí ìwé, ohun tí mo máa ń kà ni pé méjèèjì rẹwà, pé méjèèjì ń mú kí àyíká mọ́ tónítóní.

Ìyẹn kì í ṣe ìfiwéra. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi pàǹtí ṣe ló gbé pàǹtí díẹ̀ kúrò nílẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹni tó bá yin iṣẹ́ nítorí pé pàǹtí ni wọ́n fi ṣe é, ìmọ́tótó ló yìn, kò tíì yin ọnà.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fi ń kọ́ wọn, ni pé ohun àlòkù ti ní ìtàn kó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ tó dára máa ń jẹ́ kí ìtàn yẹn sọ̀rọ̀. Èyí tí kò dára máa ń fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ìlànà tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, kí a lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ ni. Ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, ó wúlò fún òbí tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ra iṣẹ́.

Iṣẹ́ méjì tó wà nílé mi ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń lọ, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí ayé mọ̀. Ọ̀kan ni àkùkọ irin tí ajórinmọ́rin kan ní Ọ̀wọ́dé Onírin jó pọ̀. Èkejì ni aṣọ ògiri tí ọmọ kan tí mo kọ́ rí fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà hun. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ mú pẹ́ńsù, ìwé àkọsílẹ̀ àti tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ dání. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú àpò ná.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan méjì tó ní ohun kan pọ̀

Ẹ má kàn mú iṣẹ́ méjì tí ẹ bá kọ́kọ́ rí. Ẹ wá méjì tó ní ohun kan pọ̀, tí wọ́n sì yàtọ̀ níbi kan tó ṣe gbòógì. Ohun èlò lè jẹ́ ọ̀kan náà kí ọwọ́ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lè jẹ́ ọ̀kan náà kí ohun èlò yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni El Anatsui àti Romuald Hazoumè. Ọmọ Gánà ni Anatsui. Anyako ni wọ́n ti bí i ní 1944, àmọ́ ní 1975 ló dé Nsukka, ó sì ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdérí ìgò ọtí ló gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Ọmọ Yorùbá ni Hazoumè ní tirẹ̀. Wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ló fi ń ṣe ìbòjú tó ń múni rántí gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi ń gbé ọjà olómi ni àwọn méjèèjì mú, ọtí níhìn-ín, epo lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú náà tún pa wọ́n pọ̀, torí ọtí wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó kó wá sí etíkun wa nígbà tí wọ́n ń ra èèyàn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Anatsui ń kó nǹkan kéékèèké jọ di ohun ńlá kan ṣoṣo, nígbà tí Hazoumè ń jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn ti rí ohun tó máa kọ.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Freedom Park ní Broad Street, torí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àlòkù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó gba òmìnira, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó wo ère kankan. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Oníkan, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà láti 1957. Tí ẹ bá wà lápá Mainland, Yábàá ni kí ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi irin ṣe ère nílùú yìí ló ti Yaba College of Technology jáde, Olu Amoda tó ń fi irin ṣe ère náà sì kọ́ni níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú òkèèrè, lẹ́yìn náà ojú ìtòsí

Ẹ dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí iṣẹ́ náà. Ẹ má tíì ka àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí sílẹ̀: àwọ̀, ìwọ̀n, bó ṣe dúró, ohun tó jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi lè ka ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀, kí ẹ tún kọ ìyẹn náà. Àlàfo tó wà láàárín àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Láti òkèèrè, aṣọ olówó iyebíye ni iṣẹ́ Anatsui, bíi kente tàbí aṣọ òkè tí wọ́n ta sára ògiri, ó ń dán bíi wúrà. Ẹ sún mọ́ ọn, orúkọ ọtí ni ẹ ó máa kà. Ìdérí ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ká a, wọ́n sì fi wáyà bàbà so ó mọ́ ara wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ìdérí bíà onípáànù líle ni. Rárá o. Ìdérí ọtí líle tí a máa ń yí ṣí ló pọ̀ jù níbẹ̀, alumíníọ̀mù tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ lásán lè ká a. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí rírọ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè di aṣọ.

Aṣọ ògiri tó wà nílé mi, àlejò tó bá wọlé á ní àdìrẹ ni, torí búlúù rẹ̀ ń jìn, ó tún ń fúnfun níbi kan. Àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló kọ́kọ́ gbé ojú sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ ọ: "Àǹtí, nọ́ńbà NAFDAC ló wà níbí." Òótọ́ ni. Ẹni tó hun ún ti yí ọ̀rá náà bí òwú, àmọ́ ó dìídì jẹ́ kí ibi tí nọ́ńbà wà yọ síta lẹ́sẹẹsẹ, tí ó fi dà bí ilà ara aṣọ. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wo aṣọ yẹn kí ọmọ náà tó là mí lójú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin nínú kíláàsì mi pé kí ojú kọ́kọ́ sún mọ́ iṣẹ́ kí ẹnu tó là.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pe ohun èlò ní orúkọ tó ń jẹ́

Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Àlòkù ni ohun tí a lò tó ṣì ṣẹ́ kù, tí ẹlòmíràn ṣì lè lò, bí aṣọ òkíríkà ní Katangówà tàbí ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀. Àlòpatì ni ohun tí a lò tán, tí a sì gbé jù, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Àfọ́kù ni ti àwo àti ìgò. Àjákù ni ti aṣọ àti ìwé. Àgékù ni èyí tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ sísọ́ọ̀sì télọ̀ tàbí ayùn káfíńtà. Ẹnikẹ́ni kò lo àgékù rí, nítorí náà kò gbé òógùn ẹnikẹ́ni lára. Ẹ má kọ "ohun èlò àtúnlò" lásán. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, torí oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń gbé wá.

Ẹ wo "Waiting for Bus" tí Dilomprizulike ṣe ní 2003. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní The Junkman from Afrika. Àlòkù aṣọ àti irin ló fi ṣe àwọn èèyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti dúró rí ní Ọ̀ṣódì lálẹ́ mọ ìdúró yẹn. Ká ní àgékù aṣọ tuntun láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló lò ni, ọmọlangidi ni à bá máa wò. Àmọ́ èèyàn ti wọ aṣọ wọ̀nyẹn, èèyàn ti làágùn sí wọn, èyí ló jẹ́ kí èrò tó wà níbùdókọ̀ náà jọ èrò lóòótọ́.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Nígbà tí mo lọ gba àkùkọ mi ní Ọ̀wọ́dé, mo bi ẹni tó jó o pé níbo ló ti rí ogbe orí rẹ̀.

"Àǹtí, ara ọ̀kadà ni. Irin eléyín tí ṣéènì máa ń rọ̀ mọ́ nídìí táyà ẹ̀yìn. Ó ti jẹ, ṣéènì ń fò lórí ẹ̀, ni wọ́n ṣe yọ ọ́ sọnù. Mo wá gé e sí méjì."

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn mí bí eyín náà ṣe ti fẹ́lẹ́, tó sì ti tẹ̀ sí apá kan, bí ìka ọwọ́ tó fẹ́ fa nǹkan mọ́ra. Irin tuntun, eyín rẹ̀ á dọ́gba, á sì dúró ṣánṣán. Títẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ogbe àkùkọ náà dà bí èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ bó ṣe ń sáré. Gbogbo ọ̀nà tí ọ̀kadà yẹn ti rìn ló gbẹ́ ogbe náà. Ajórinmọ́rin kàn fi ojú rí i ni, ó sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ lọ̀ ọ́ dọ́gba.

Bákan náà ló rí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì Hazoumè. Àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ epo láti Nàìjíríà wọ Benin máa ń fi iná ra kẹ́ẹ̀gì kó lè wú, kí epo tó pọ̀ sí i lè wọ inú rẹ̀. Bó ṣe ń wú ni ara rẹ̀ ń fẹ́lẹ́, títí yóò fi bẹ́ lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "La Bouche du Roi", ìyẹn Ẹnu Ọba, gbà á láti 1997 sí 2005. Ìbòjú kẹ́ẹ̀gì 304 ló tò sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ ẹrú Brookes, ọkọ̀ tí àwòrán rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, níbi tí wọ́n ti to èèyàn mọ́ra bí igi ìdáná. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ra iṣẹ́ náà ní 2007. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fi iná ra kẹ́ẹ̀gì á rò pé torí pé ẹnu kẹ́ẹ̀gì jọ ẹnu èèyàn nìkan ni Hazoumè ṣe mú un. Ẹni tó bá mọ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán: ohun tí wọ́n ń di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì máa sọ nù lọ́jọ́ tó bá bẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ni ọwọ́ ṣe sí i?

Ìgbésẹ̀ yìí kò gùn. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ṣe sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: gé, tẹ̀, ká, lù, yọ́, rán, hun, jó, kùn. Ẹ wá kà wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1942, Picasso, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Spain, mú ìjókòó kẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó so wọ́n pọ̀, ó di orí akọ màlúù. Kò gé nǹkan kan, kò tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan péré ni iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀: so. Ní òdìkejì, iṣẹ́ Anatsui kan lè gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àkùkọ mi wà láàárín wọn. Ẹ má ṣe rò pé èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù ló dára jù. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ohun tí ọwọ́ ṣe tó, bóyá kò kọjá ààlà. Tí mo bá rí "kùn" nínú àkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa ń fara balẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n fi ọ̀dà bò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tí wọ́n bá fi tuntun ṣe é ńkọ́?

Ibi tí mo ń lọ látàárọ̀ nìyí. Ẹ di ojú, kí ẹ yọ gbogbo ohun àlòkù inú iṣẹ́ náà kúrò lọ́kàn, kí ẹ fi tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìdúmọ̀tà rọ́pò rẹ̀. Ìrísí kan náà, ìwọ̀n kan náà. Kí ló sọnù? Tí nǹkan kan ò bá sọnù, a jẹ́ pé torí owó tàbí torí pé ó wà nítòsí ni oníṣẹ́ ọnà ṣe lo àlòkù. Kò burú, àmọ́ ẹ má ṣe máa yìn ín fún un. Tí iṣẹ́ náà bá wó lulẹ̀ pátápátá, ohun èlò ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Bright Ugochukwu Eke, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe ẹ̀wù òjò àti agboòrùn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní "Shields". Òjò tí èéfín ti bàjẹ́ lágbègbè Niger Delta ló ń bá wí. Ẹ fi ọ̀rá tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wù òjò náà ṣì wà, kò sì ní jẹ́ kí òjò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kú. Ọ̀rá tí a fi ń dáàbò bo omi kó má baà dọ̀tí, òun ló wá ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ omi tó dọ̀tí. Àwa tí a ń ra omi lápò, ogún ọ̀rá nínú àpò kan, torí pé omi ẹ̀rọ kò yọ, ìrora ọ̀rọ̀ yẹn yé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo "Sunflower" tí Olu Amoda fi irin àti ìṣó ṣe, tó jẹ́ kó wà lára àwọn méjì tó pín ẹ̀bùn àgbà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Dak'Art ní Dàkár ní 2014. Òdòdó ńlá tó tàn bí oòrùn ni, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sì ni ewé rẹ̀. Tí a bá fi ìṣó tuntun rọ́pò rẹ̀, èrò tèmi ni pé ohun púpọ̀ á ṣì wà níbẹ̀, torí agbára iṣẹ́ náà wà nínú bí irin líle ṣe gbà láti di òdòdó, àti nínú bí ó ṣe to ìṣó kọ̀ọ̀kan yí ká. Ìdógùn-ún irin àti àwọ̀ rẹ̀ tó ti ṣú ló máa sọnù, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Ìbéèrè yìí ò wá láti fi iṣẹ́ kan sẹ́yìn èkejì. Ibi tí agbára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fìdí sí ló ń fi hàn wá, ẹni tó bá sì ti mọ ìyẹn ti lè fi wọ́n wéra láìṣe ojúsàájú.

Àwọn baba wa mọ ìbéèrè yìí kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó dé. Ẹ wo ojúbọ Ògún nídìí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí lágbẹ̀dẹ. Irin tó ti ṣiṣẹ́ ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ẹ wo aṣọ egúngún ìdílé, tí wọ́n ń fi aṣọ lé aṣọ láti ìran dé ìran. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ lọ ra tuntun ní Balógun fún wọn, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí àgbà ilé máa sọ.

Mo ti rí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ "nǹkan kan ò sọnù" lọ́pọ̀ ìgbà. Táyà tí wọ́n kùn ní pupa àti yẹ́lò, tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ìgò tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà bò, tó di àtùpà. Ó wúlò, ó dùn ún wò, mo sì ní irú rẹ̀ kan ní bákónì. Àmọ́ táyà náà kò sọ pé òun ti rìn rí.

Ní ti tèmi méjèèjì: ara àkùkọ náà, páìpù ni, a lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ogbe rẹ̀ nìkan la ò lè pààrọ̀. Aṣọ ògiri, tí a bá fi òwú búlúù tuntun hun ún, aṣọ dáadáa ni a ó ní, nọ́ńbà NAFDAC ò ní sí mọ́, òùngbẹ inú rẹ̀ á sì ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo oríkèé rẹ̀

Oríkèé ni ibi tí nǹkan kan ti pàdé èkejì. Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ wo ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Ojú ibi tí wọ́n jó, ṣé ó dán bí ìpẹ́ ẹja tó sùn léra, àbí ó wú kúlúkúlú? Wáyà, ṣé wọ́n ká ẹnu rẹ̀ wọnú kó má baà gún èèyàn? Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́, torí irú èyí tí wọ́n ń yọ́ láti ẹnu ìbọn gọ́ọ̀mù máa ń rọ̀ nínú ooru.

Oríkèé máa ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Torí pé wáyà tó rọ̀ ni Anatsui fi so ìdérí pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é ká, ó ṣe é tẹ̀, kò sì sí ọjọ́ méjì tó gbọ́dọ̀ dúró bákan náà. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń gbé e kọ́ pinnu bó ṣe máa wó sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé "Behind the Red Moon" kọ́ sí Tate Modern, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2023, apá kan rẹ̀ fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Irin tí wọ́n jó pọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpinnu ajórinmọ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Àkùkọ mi á máa sáré lọ sápá òsì títí ayé.

Ìgbésẹ̀ keje: Èkó, iyọ̀ àti òjò

Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé nìyí, àmọ́ mo ti fi owó kọ́ ọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ẹja ńlá kan níbi ìpàtẹ kan ní Island, àgékù páànù alumíníọ̀mù àti irin ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún pa á lára. Òjò ọdún kejì ò tíì parí tí omi ìdógùn-ún pupa fi ṣàn láti ìrù rẹ̀ wá sórí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀, ibi tí alumíníọ̀mù ti kan irin ti jẹ di ihò, ó funfun bí eérú. Ó dùn mí wọra, torí mo fẹ́ràn ẹja yẹn.

Atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin dání, méjèèjì ló sì ń mú kí irin tètè dógùn-ún. Tí oríṣi irin méjì bá fara kan ara wọn nínú ọ̀rinrin, ọ̀kan á máa jẹ kíákíá nítorí èkejì. Oòrùn ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rá gbẹ, kó máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó sì máa ń pa àwọ̀ bàtà sílípáàsì rẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè nípa iṣẹ́ méjèèjì: kí ni wọ́n fi pa á lára, inú ilé ni àbí ìta, báwo ni wọ́n ṣe ń nù ún? Ẹ tún béèrè bóyá oníṣẹ́ ọnà fẹ́ kó dógùn-ún. Àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdógùn-ún sì jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ wọn. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé pàǹtí ò yẹ kó wọ́n. Kílò irin ni wọ́n ń san owó rẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n ní Ọ̀wọ́dé. Tó bá ti di iṣẹ́ ọnà, ojú tó rí i láàárín òkìtì àti ọwọ́ tó mọ ibi tó yẹ kó dúró ni ẹ ń san owó fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkọ ọ́ sílẹ̀

Àṣìṣe tí àwọn ọmọ mi máa ń ṣe jù ni pé wọn á kọ ojú ìwé kan nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọn á kọ òmíràn nípa èkejì, wọn á wá fi "méjèèjì dára" dí i. Iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú ìpínrọ̀ kan náà. Ẹ mú ìbéèrè kan, kí ẹ gbé e lọ bá àkọ́kọ́, kí ẹ gbé e lọ bá èkejì, kí ẹ sọ ibi tí wọ́n ti yà. Lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Kò pọn dandan kí ẹ lo gbogbo ìgbésẹ̀ méjèèje òkè yìí. Mẹ́ta tó lágbára sàn ju méje tí ẹ kàn fọwọ́ bà lọ.

Ìpínrọ̀ tí mo kọ sójú pátákó fún wọn rèé:

"Láti òkèèrè, àkùkọ irin náà àti aṣọ ògiri náà ń fi ohun tí wọ́n jẹ́ pamọ́. Ọ̀kan ń ṣe bí ẹyẹ, ọ̀kan ń ṣe bí àdìrẹ. Nítòsí, àkùkọ jẹ́wọ́ níbì kan ṣoṣo, ní ogbe rẹ̀, níbi tí eyín irin ọ̀kadà ti tẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe. Aṣọ jẹ́wọ́ níbi gbogbo, torí nọ́ńbà NAFDAC ló di ilà ara rẹ̀. Ajórinmọ́rin rí ohun kan tó ti lẹ́wà fúnra rẹ̀, ó sì wá ara fún un. Ahunṣọ mú ohun tí kò lẹ́wà rárá, tí kò sì ṣọ̀wọ́n, ó sì mú sùúrù fún un títí ó fi lẹ́wà. Nítorí náà, mo gbà pé ojú ló ṣe iṣẹ́ jù nínú àkùkọ, ọwọ́ ló ṣe iṣẹ́ jù nínú aṣọ. Aṣọ ni mo yàn, torí kò sí ibi kankan lára rẹ̀ tí a lè fi tuntun rọ́pò."

Ẹ kíyè sí i pé mo yan ọ̀kan níparí. Ẹ máa yan. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti yan kò tíì fi wọ́n wéra tán, kò sì sí ohun tó burú tí ẹlòmíràn bá yan èkejì, tó bá ti lè sọ ìdí.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ mú ìwé yín padà lọ síwájú iṣẹ́ náà, tàbí síwájú fọ́tò rẹ̀ tó bá jìnnà. Ẹ kà á síta, kí ẹ máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ lára iṣẹ́ náà. Gbólóhùn tí ẹ kò bá rí ibi tí ẹ ó tọ́ka sí fún un, ẹ fa igi lé e.